Ohùn Tí Ẹ-Rọra Ò Pa

Ilé búrẹ́dì ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Kì í po ìyẹ̀fun, kì í sì í dáná. Òun ló ń pín ọkọ̀. Bí búrẹ́dì bá ti jáde nínú ààrò, yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yóò sọ pé ọkọ̀ yìí máa gba ọ̀nà ilé ìwòsàn, tọ̀hún máa gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, èyí tó ń wúkọ́ èéfín yẹn kó má lọ jìnnà. Ọfà funfun kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà náà tó ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó bá fi ọfà yẹn wọ́ ọkọ̀ sí, ibẹ̀ ni dírẹ́bà ń lọ.

Ẹ-Rọra ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó máa kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní sọ fún un pé kó rọra. Dírẹ́bà tó fẹ́ jáde: ẹ rọra. Obìnrin tó gbé páálí lérí: ẹ rọra. Ọ̀gá tó ń ti orí àtẹ̀gùn bọ̀: ẹ rọra, sà. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sin lọ́dún tó kọjá, ó sọ ọ́ fún àwọn tó gbé pósí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe wá jẹ́ pé òun gan-an ló ṣubú, ẹnu ò lè ròyìn ẹ̀ tán. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń di búrẹ́dì ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé ilẹ̀ ń yọ̀. Gbogbo èèyàn gbọ́. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ rìn lára ògiri bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn kọjá láìséwu, inú Ẹ-Rọra dùn. Ó yíjú padà bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ rere. Ẹsẹ̀ bá yọ̀. Egungun ojúgun rẹ̀ dá. Dírẹ́bà kan tó wà nítòsí ní òun ti fẹ́ sọ fún un pé kó rọra, òun rò pé àfojúdi ni.

Dókítà fi nǹkan funfun líle di ẹsẹ̀ náà látorí orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ títí yóò fi jinná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kó ẹrù wá sílé rẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Obìnrin náà gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó tún àga tò, ó gbé ṣúgà pamọ́, ó ní dókítà ò fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni dókítà wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dun Ẹ-Rọra. Àga rẹ̀ lọ́fíìsì ni. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá kan wà nílé búrẹ́dì náà, Àna ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó wà níbẹ̀. Wọn ò tíì gbé Ẹ-Rọra dé ilé ìwòsàn tí Àna fi jókòó sórí àga rẹ̀, tó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Ẹ-Rọra lórí ibùsùn. Ó wo òkè àjà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ọkọ̀ wọ̀nyẹn ló ń jí fún. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí, kò mọ ohun tó tún kù láàárọ̀.

Ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ilé búrẹ́dì ṣe ló gbà á sílẹ̀. Ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó ní èèyàn lè jókòó sílé kó máa lo kọ̀ǹpútà tó wà lọ́fíìsì, pé gbogbo ohun tó wà lójú tọ̀hún ni yóò máa rí lójú tilé, ọfà tọ̀hún yóò sì máa tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rò ó títí. Ó ní kí wọ́n dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣìnà, Àna ló máa gba iṣẹ́.

Ọmọbìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà kékeré wá sílé. Ó fi ohun kan há Ẹ-Rọra létí, okùn kan ti ibẹ̀ jáde tó dúró síwájú ẹnu rẹ̀ bí eṣinṣin tó fẹ́ gbọ́ àṣírí. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n sọ fún òun bóyá àwọn ará ọ̀hún ń rí orí òun tí òun ò wé. Ọmọbìnrin náà ní wọn ò rí i. Ohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ti so ó mọ́ sípíkà ńlá tí wọ́n fi ń pe dírẹ́bà ní àgbàlá, kí Bàbá lè máa pè wọ́n fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ní bọ́tìnì tí wọ́n máa tẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ó wá na ìka sí àwòrán kékeré kan nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà.

“Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé, ẹ pa ohùn o.”

Àkókò yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n gbé tíì wọlé, Ẹ-Rọra sì ń wò ó bóyá ṣúgà wà níbẹ̀. Kò rí ìka, kò rí àwòrán. Ọ̀rọ̀ nìkan ló gbọ́. Ó ní òun ti gbọ́, òun máa pa ohùn.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán, Ẹ̀gbọ́n bi í léèrè báwo ni wọ́n ṣe ń pa ohùn. Ẹ-Rọra ní ohun tí kò le ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun lọ́hùn-ún, kó pariwo. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ohùn tí wọ́n pa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní ó mọ́gbọ́n wá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wàhálà bẹ̀rẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Bí ẹni tó wà nílé bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ti ọ́fíìsì a máa kọ́kọ́ béèrè bóyá kó wọlé. Obìnrin kan tó ń di búrẹ́dì ké sí àwọn yòókù pé Bàbá fẹ́ wọlé o. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì gbọ́. Ó ṣí géètì gbayawu, ó gbálẹ̀ iwájú ẹ̀, ó gbé àga síbẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ Bàbá. Oòrùn kanrí, kò rí Bàbá. Ó ní bóyá ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá gbà wọlé.

Lákòókò kan náà, Ẹ-Rọra wà nílé, ó ń pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì odò. Ó ní kí ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa bọ̀ wá kẹ́rù. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, Bàbá. Inú rẹ̀ dùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó súnmọ́ eṣinṣin ẹnu rẹ̀ kó lè jẹ́jẹ́ dáadáa. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé tíì yìí korò bí ìwà àna búburú, kí ló dé tó gbé ṣúgà sórí kọ́bọ́ọ̀dù bíi pé òun jẹ́ eku. Ẹ̀gbọ́n náà tẹrí sílẹ̀ sẹ́bàá ibẹ̀. Ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé eku gbọ́n jù ú lọ, pé eku tó bá dá lẹ́sẹ̀ á farabalẹ̀.

Gbogbo àgbàlá gbọ́. Kì í ṣe gbígbọ́ lásán. Sípíkà yẹn gbé mímí wọn jáde. Dírẹ́bà tó ń ti búrẹ́dì sínú ọkọ̀ dúró. Obìnrin tó ń di búrẹ́dì fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnì kan ní ó yẹ kí àwọn sọ fún Bàbá. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ. Kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Ìyẹn di eré àárọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣúgà pín àgbàlá sí méjì, àwọn kan ń gbe Bàbá, àwọn kan ń gbe Ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí Bàbá fi igi tó fi ń tilẹ̀ rìn já ṣúgà náà bọ́ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ariwo sọ nínú àgbàlá bíi pé bọ́ọ̀lù wọlé. Dírẹ́bà kan wà tó máa ń pẹ́. Mò-ń-bọ̀ ni Ẹ-Rọra sọ ọ́, òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Ó gbọ́ ọ lórí sípíkà lọ́jọ́ kan tó ń yọ́ wọlé: Bàbá ń sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé Mò-ń-bọ̀ ti tún pẹ́, pé ó ń sùn bí ẹni tí wọ́n háyà fún oorun. Láti ọjọ́ yẹn, Mò-ń-bọ̀ ló ń kọ́kọ́ dé. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn òun. Òun ni wọ́n wá fi ṣọ́ ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá ń bọ̀, yóò wúkọ́, ẹnì kan yóò rẹ sípíkà sílẹ̀, gbogbo wọn yóò dojú kọ búrẹ́dì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í wà ní àgbàlá. Àna ni. Inú ọ́fíìsì ló ń jókòó, lórí àga yẹn, ilẹ̀kùn ní títì. Iwájú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí Ẹ-Rọra ń lò láti ilé. Ó ń wo ọfà tó ń rìn fúnra rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan, ó fà á díẹ̀. Ọfà náà yà bàrá. Ó dùn mọ́ ọn.

Nílé, Ẹ-Rọra rí i pé ọfà kò gbọ́ràn mọ́. Bó bá wọ́ ọkọ̀ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọfà á yọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á wọ́ ọ lọ sí ibòmíràn. Ó fà á, ọfà náà fà á. Ó ní kó rọra. Ẹ̀gbọ́n ní eruku ni, ó fi omi gbígbóná nu máòsì náà títí ó fi ń dán. Kò san. Ó gbé tábìlì kúrò lójú fèrèsé, ó ní bóyá atẹ́gùn ni. Kò san. Ẹ̀gbọ́n ní kó pe ọmọbìnrin kọ̀ǹpútà. Ẹ-Rọra kọ̀. Ó ní tí òun bá ti lè pè é, yóò sọ fún ọ̀gá pé ọwọ́ Bàbá ò gbé e mọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Ó wá di ọjọ́ kéèkì. Wọ́n ní kí wọ́n gbé kéèkì ìgbéyàwó kan lọ sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n gbé búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà lọ fún àwọn aláìsàn. Ẹ-Rọra wọ́ wọn síbi tó yẹ. Ọfà náà jà, ó yọ̀, ó lọ. Kí ó tó wọ́ wọn padà, ọkọ̀ ti jáde. Àwọn aláìsàn jẹ kéèkì tọpẹ́tọpẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ara òun ti yá. Ìyàwó ojú ọ̀nà, ní tiẹ̀, ṣí páálí níwájú àwọn àna rẹ̀, ó rí búrẹ́dì gbígbẹ, tí wọ́n kọ sí lára pé ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe lè jẹ ẹ́.

Ọ̀gá pe Ẹ-Rọra lórí fóònù. Kò pariwo. Ìyẹn ló burú. Ó ní òun fúnra òun máa wà níbẹ̀ lọ́la, bí ọkọ̀ kan bá tún ṣìnà, kí Bàbá kúkú sinmi.

Ọ̀gá jí dé lọ́jọ́ kejì. Kò gba ẹnu géètì, ẹ̀yìn ló gbà, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí wọn. Ohun tó bá ní àgbàlá ya á lẹ́nu. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló dúró, wọ́n gbójú sókè sí sípíkà. Kò sí ẹni tó ń di búrẹ́dì. Kò sí ẹni tó wúkọ́. A máa ń sunkún ká máa ríran, ṣùgbọ́n Mò-ń-bọ̀ tó yẹ kó wúkọ́ fi ọwọ́ aṣọ bo ojú pátápátá.

Ohùn jẹ́jẹ́ kan ń ti òkè bọ̀.

“Ìyàwó, ṣé o ń gbọ́ mi? Ọfà yìí ti tún ń sá fún mi. Mo gbé ọkọ̀ ilé ìwòsàn síbi tó yẹ, ó tún gbé e lọ. Ọwọ́ mi ló ti dàgbà. Ìwọ lo máa ń sọ ọ́, mo ní irọ́ ni.” Wọ́n gbọ́ tó fa imú. “Òní ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi. N ò bínú sí ọ̀gá. Èèyàn dáadáa ni. Orí ẹ̀ ló dà bí búrẹ́dì tí kò wú, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ mọ́. Ìdájí ló ń bà mí lẹ́rù. Tí n ò bá ní ọkọ̀ tí mo fẹ́ rán, kí ni mo fẹ́ máa jí ṣe? Ìwọ náà ò sí níbẹ̀.”

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé orí. Àwọn tó rí i wo ilẹ̀. Obìnrin kan ki ọ̀já ìdí rẹ̀ bọ ẹnu.

Ọ̀gá rìn lọ sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Àna wà níbẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ kan lórí tábìlì, ọwọ́ kan lórí máòsì. Ó ń fa ọfà. Lójú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń lọ, ó ń bọ̀, bí ewúrẹ́ tí èèyàn méjì so lókùn. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó rí ọ̀gá, ó ní òun ń bá Bàbá tún un ṣe ni, Bọ̀ọ̀dá.

Ọ̀gá ní kó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní kó gbé ìdí náà kúrò. Ó wá tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dá Bàbá lóhùn.

“Bàbá.”

Nílé, igi ìtilẹ̀ ṣubú. Ẹ̀gbọ́n sáré láti ilé ìdáná.

“Ta nìyẹn?” Ẹ-Rọra bi í jẹ́jẹ́.

“Èmi ni. Ẹni tí orí ẹ̀ ò wú.”

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó tún lè dì í mú. Ẹ-Rọra gbọ́ ẹ̀rín náà láti inú ohun tó há sétí. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó bẹ ọ̀gá, ó ní ẹnu àgbà ló ṣì í sọ. Nígbà tó yá, ó béèrè ìgbà tí wọ́n ti ń gbọ́ òun. Mò-ń-bọ̀ ló wá sẹ́nu fèrèsé ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ ṣì tutù.

“Láti ìgbà ṣúgà, Bàbá.”

Ẹ-Rọra ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n ní kí òun pa ohùn, òun sì ń pa á lójoojúmọ́, kí wọ́n bi Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n jẹ́rìí sí i láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ó ń pa á dáadáa. Wọ́n pe ọmọbìnrin kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin náà ní bí wọ́n ṣe ń pa iná ni òun ń wí, pé kó tẹ àwòrán kékeré ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ-Rọra wo àwòrán náà. Ó ní òun ti ń rí i, òun rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ọ̀gá ní kó dán ọfà wò báyìí. Ẹ-Rọra fi ọwọ́ méjèèjì mú máòsì, bí ẹni tó ń retí ìjà. Ọfà náà tẹ̀lé e wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ti nà. Ó wọ́ ọkọ̀ ilé ìwòsàn síbi tó yẹ. Ó dúró síbẹ̀. Ó tún wọ́ òmíràn. Ọ̀gá ní iṣẹ́ rẹ̀ ni, kó máa ṣe é níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi jinná. Ní ti Àna, òun ni wọ́n rán lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó tó gba búrẹ́dì alátọ̀gbẹ. Wọ́n ní ìyá ìyàwó ló jáde sí i.

Ẹ-Rọra kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ohùn. Ó pa á lọ́jọ́ kejì, ó pa á lọ́jọ́ kẹta. Àgbàlá dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde. Búrẹ́dì ń tutù lórí pákó. Mò-ń-bọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ọ̀gá pe Ẹ-Rọra. Ó béèrè ẹsẹ̀, ó béèrè ara, ó béèrè Ẹ̀gbọ́n. Ó yí ọ̀rọ̀ náà po. Ó wá sọ pé kì í ṣe dandan kí Bàbá máa rántí àwòrán yẹn ní gbogbo àárọ̀. Àwọn dírẹ́bà, ṣé ó yé e.

Ó yé Ẹ-Rọra. Ó ní òun máa bi Ẹ̀gbọ́n, nítorí ohùn tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà, ó ní ìlànà kan ni òun ní. Òun ò ní bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ láìwé gèlè. Ẹ-Rọra ní wọn ò rí i. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó wé gèlè yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ nìkan ni Ẹ-Rọra ń pa ohùn fún. Kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde, sípíkà a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àgbàlá a dúró. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá parí, ohùn á padà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí, Ẹ̀gbọ́n wé gèlè rẹ̀, ó fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà, ó wúkọ́ díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹ tó lọ, ẹ bá mi bi ọkùnrin tó jókòó ti mí yìí: ìgbà wo ló fẹ́ wẹ̀?”

Ẹ-Rọra rán gbogbo ọkọ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó lè dáhùn.